Ọ̀bẹ Ìjà Tí Mopé Rọ ní Atlanta

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń retí bàtà, kó má bínú. Ẹni tó ń retí fóònù, kó lọ bá Bísí ọmọ mi sọ ọ́. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo mú bọ̀. Ó wà lára ògiri àgbẹ̀dẹ mi ní Ṣakí níbí, ẹ sì ti ń ráhùn pé kí ló dé tí mo fi gbé e kọ́ sí apá òsì ẹnu ọ̀nà. N kò tíì ráyè dá yín lóhùn, nítorí bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ ó béèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí. Òtútù kankan kò sí. Ìgbà tí oòrùn ń ràn bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni mo débẹ̀. Ó yá, ẹ jókòó.

Bísí ló pè mí. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé lẹ́bàá Atlanta. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Mopé ti fẹ́ ya wèrè."

Mopé ni ọmọ tó bí, ọmọ ọdún méjìlélógún, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, wọ́n sì ti fún un láyè níléèwé àwọn apòògùn. Kàkà kó máa múra iléèwé, àgbẹ̀dẹ ló ń lọ. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀bẹ lọ́dọ̀ òyìnbó kan. Ó ti ṣe ìdánwò àwọn arọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fìdí rẹmi. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kejì ku oṣù kan. Òun àti ìyá rẹ̀ ti fẹnu kò pé bó bá tún fìdí rẹmi, yóò gbé owú sílẹ̀ pátápátá, yóò sì gba iléèwé apòògùn lọ.

Bísí ní, "Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ kó gbọ́. Alágbẹ̀dẹ ni yín. Tí ẹ bá ti sọ pé iṣẹ́ yẹn ò yẹ obìnrin, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo gbà. Kí n má purọ́ fún yín, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí lẹ́yìn Bísí, kò sí èyí tó fẹ́ fọwọ́ kan ewìrì nínú wọn. Mo ti pinnu pé bí mo bá kú, kí àgbẹ̀dẹ náà bá mi lọ. Kí wá ni obìnrin ń wá níbẹ̀?

Ìkíni tí kò dúró

Gbogbo ènìyàn ní Atlanta ló ń kíni, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú wò mí lójú, ó ní, "How you doing, sir?" Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn orúnkún mi fún un. Kí n tó dé orí orúnkún kejì, ó ti lọ.

Mopé ló wá pàdé mi. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàrin èrò. Obìnrin òyìnbó kan sáré wá gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni. Mopé ṣàlàyé fún un, obìnrin náà bá yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní ohun tó dára jù tí òun ti rí lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún gba àpò mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún na omi sí mi. Mo sọ nínú ara mi pé Bísí kọ́ ọmọ yìí nílé, àfi àgbẹ̀dẹ yìí nìkan ló kù.

Loganville ni wọ́n ń gbé. Ilé ibẹ̀ jọra wọn débi pé mo rìn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn wọ gáréèjì ẹlòmíràn, mo ń wá ẹ̀rọ omi tí n óò fi bọ́jú. Ìyá àgbà adúláwọ̀ kan jáde sí mi. Mo ti ń ronú pé ọlọ́pàá ló kàn. Ó ní, "Baby, you lost?" Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ó fún mi ní tíì tútù tí ṣúgà rẹ̀ lè gbé ṣíbí dúró, ó wọ bàtà, ó sì mú mi délé Bísí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi, á pè mí ní baby, èmi náà á sì jẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Mopé ti tàn débẹ̀. Dókítà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, oníṣòwò, gbogbo wọn ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Daddy, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o. Pharmacy na correct something." Mo ń mi orí bí adájọ́.

Ta ni ẹ fẹ́ bá jà?

Àgbẹ̀dẹ náà wà ní Tucker, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ṣe táyà. Mista Ray ni orúkọ ọ̀gá Mopé. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, iná sì ti jó ẹ̀bá apá ẹ̀wù rẹ̀ bíi ti tèmi gẹ́lẹ́. Mo wá ẹni tó ń fẹ́ ewìrì, n kò rí i. Gáàsì ló ń jó fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń lu irin láìsí ènìyàn tó ń kọrin fún un. Ṣùgbọ́n òórùn irin gbígbóná kò ní orílẹ̀-èdè. Bó ṣe gba imú mi báyìí, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Mopé gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi. Báwì ni wọ́n ń pè é, ọ̀bẹ ìjà àwọn baba ńlá wọn. Ó gùn ju apá ọmọdé láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ lọ, imú rẹ̀ gé sókè, ẹ̀yìn imú náà sì mú bí ojú rẹ̀. Irin kan dábùú láàrin ojú ọ̀bẹ àti èèkù, kí ọwọ́ má bàa yọ̀ lọ sórí ojú ọ̀bẹ.

Mo bi Mista Ray pé, "Ta ni ẹ fẹ́ bá jà?"

Mopé túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì. Ó ní kò sí ẹni kankan. Ó ní láyé àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ń so ó mọ́ ìdí. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń mọ arọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ìdáná lè ní àléébù, kó sì máa gé àlùbọ́sà lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ìjà gbọ́dọ̀ yá, kó le, kó mú, kó sì jókòó lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sọ fún un pé bàbá mi rọ àdá, ó rọ ọkọ́, ó rọ ọ̀bẹ fún àwọn ọdẹ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kó rọ ohun tí òun yóò fi bá ènìyàn jà, á ní iná òun ti kú. Mista Ray ní òun ìbá fẹ́ràn láti mọ̀ ọ́n.

Mo gbé ọ̀bẹ náà lé ìka kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Mo ní, "Orí rẹ̀ wúwo. Bí o bá fì í lọ, ta ni yóò bá ọ dá a padà? Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fẹ́lẹ́ bó bá ti ń lọ sí imú."

"Yes sir. Mo rò pé tó bá heavy, á cut dáadáa."

"Ìwúwo kọ́ ló ń gé nǹkan, ìyára ni. Irin tó dábùú yìí náà gùn jù, yóò máa gbá ọ lọ́rùn ọwọ́." Mo wá yí èèkù rẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. "Kí wá lèyí?"

Mopé wolẹ̀. "It just came out like that, Grandpa."

"Fi fáìlì rẹ́ ẹ dànù."

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Yes sir," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Mista Ray họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní ohun kan ń ya òun lẹ́nu lára ọmọ yìí: iṣẹ́ tó bá dá ṣe máa ń dára gan-an, ṣùgbọ́n bí òun bá ti wọlé tì í, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo. Ó ní ìtìjú ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, èmi ọlọ́gbọ́n.

Nírọ̀lẹ́, Bísí bi mí pé, "Bàbá, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "A ń sọ ọ́ lọ́wọ́."

Ọ̀gì tí wọ́n fi iyọ̀ sí

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi sọ ọ́ lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀lé e lọ. A fa ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà tẹ́ẹ́rẹ́, a gé irin tó dábùú kù, mo fi bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ irin tó bá jiná hàn án. Alágbẹ̀dẹ tó bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. N kò mọ ohun tí èmi fẹ́ fà yọ mọ́. Mo mọ̀ pé mo máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àkùkọ ní Loganville.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mista Ray mú wa lọ jẹun. Wọ́n gbé nǹkan funfun kan wá nínú àwo, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Mo kígbe pé, "Ọ̀gì!" Mo da ṣúgà sí i, mo béèrè mílíìkì. Mista Ray dẹ́kun jíjẹ. Obìnrin tó gbé e wá ń wò mí bí ẹni tó ń bọ́ṣọ láàrin ọjà. Grits ni wọ́n ń pè é, bọ́tà àti iyọ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, wọ́n á to edé lé e lórí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ṣúgà mi. Kí a tó dìde, Mista Ray ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀bẹ wá jókòó lórí ìka mi bí ẹyẹ. Ó ku kí a dán an wò. Nínú ìdánwò, wọn yóò so okùn tó nípọn kan kọ́, ìdí rẹ̀ kò ní kan ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi àti Mista Ray jókòó sórí àpótí. Mopé fi ọ̀bẹ ṣá a. Ọ̀bẹ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, okùn fò sápá kan, kò já. Ó tún ṣá a. Okùn tún fò. Ó ṣá a títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, okùn wà níbẹ̀, ó ń jó.

Mo bínú sí ọ̀bẹ náà. Mo ní èèkù rẹ̀ ló burú, a gbẹ́ òmíràn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan. Mopé kò sunkún, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ó ní, "It's okay, Grandpa. Pharmacy náà dáa." Ohun tí wọ́n rán mi wá sọ gan-an ló sọ yẹn. Ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀pà

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ọkùnrin kan létí títì tó ń ta ẹ̀pà sísè. Ẹ̀pà sísè pẹ̀lú èèpo, nínú ìkòkò ńlá, bíi tiwa! Mo sọ fún Mopé pé mo ń bọ̀. Mista Ray ti lọ ra gáàsì. Mo ra ẹ̀pà, mo bá ọkùnrin náà ṣàwàdà tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì, mo sì gba ẹ̀yìn wọlé nítorí oòrùn.

Mo gbọ́ fìì. Okùn kan já bọ́. Fìì, òmíràn. Okùn márùn-ún ló so kọ́, márààrún ló gé, kò sì sí èyí tó mì. Ọwọ́ òsì ló fi ń gé e. Ọ̀bẹ àti ọwọ́ náà ń ṣe bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn.

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mopé yíjú padà, kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀bẹ ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sir."

"Mopé, alòsì ni ọ́?"

"Ẹ má bínú."

"N ò ní bínú. Sọ ọ́."

"Grandpa, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. On the phone, video call. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Mo wave sí yín, ẹ wá ní ta ni ń na ọwọ́ òsì sí yín. Ẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mummy cried that day. Ó rò pé ẹ ń sọ pé òun ò train mi dáadáa." Ó ń fi orí ọ̀bẹ ya ilẹ̀. "Since then, tí àgbàlagbà bá ti wà níbẹ̀, ọwọ́ mi á kàn switch. Mi ò kí ń ronú ẹ̀."

Mo rántí. Mo rántí pé mo sọ ọ́, tí mo sì jókòó jẹ iyán lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tún gba ọkàn mi kọjá mọ́. Mo bi í pé àwọn wo ló jókòó níwájú rẹ̀ nígbà ìdánwò àkọ́kọ́. Ó ní àgbàlagbà mẹ́ta, gbogbo wọn ló hewú.

Ọ̀bẹ kò jẹ̀bi rárá. Ibi tó wú lára èèkù, tí mo ní kó rẹ́ dànù, ihò àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ ló ń dí. Ohun kan ṣoṣo tó dára jù lára ọ̀bẹ náà ni mo bàjẹ́. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran.

Nírọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bísí. Mo ní, "O rán mi pé kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Èyí tí mo sọ nígbà yẹn ti pọ̀ jù."

Bísí gbé abọ́ ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mo máa ń so ọwọ́ yẹn mọ́ ọn lẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ jẹun. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ pé mo sọ ọmọ nù sí Amẹ́ríkà."

Mo ní, "Po ìyẹ̀fun fún mi."

"Bàbá, puff-puff ni mo fẹ́ fi ṣe o!"

Ó pò ó. Mopé fi ọwọ́ òsì fún ìyẹ̀fun náà bí ẹni tó di èèkù mú, a jẹ́ kó gbẹ. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ti Mopé, igi dúdú tí Mista Ray fún wa ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo ń wo àwòrán ọwọ́ náà nínú ìyẹ̀fun. Mo dá ibi tó wú padà, mo sì ṣe ibi tí àtàǹpàkò yóò sùn sí.

Ìyọnu kan ló kù. Bí mo bá kọ ẹ̀yìn, okùn á já. Bí mo bá yíjú padà, ọ̀bẹ á ti bọ́ sí ọ̀tún. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mopé wá nu ojú, ó ní, "But Grandpa, àwọn judges ò lè kọ ẹ̀yìn."

Union City

Gbọ̀ngàn kan láàrin àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Union City ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Àgbàlagbà mẹ́ta náà jókòó níwájú, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń ṣe ìdánwò sọ̀rọ̀. Bísí dé láti ibi shift rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó di apá mi mú.

Wọ́n pe Mopé. Ó jáde, ó kí àwọn àgbà, ó tẹ orúnkún díẹ̀. Ọ̀bẹ wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó dúró níwájú okùn, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sókè. Mo rí i pé ó mọ̀. Ó mọ̀, ọwọ́ kò sì gbọ́.

Wọ́n ti ní kí a má sọ̀rọ̀. Mo dìde díẹ̀ lórí àga, mo gbé ọwọ́ òsì mi sókè, mo sì jù ú sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré ṣe ń juwọ́ sí bàbá ìyá rẹ̀ nínú fóònù. Ọwọ́ òsì mi, lójú gbogbo ayé. Ó rí mi. Bísí wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, òun náà gbé òsì tirẹ̀ sókè. Àwa méjèèjì ń juwọ́ bí aṣiwèrè.

Mopé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ bọ́ sí òsì. Fìì. Okùn já, èyí tó kù lókè kò tilẹ̀ mì. Ó gé pákó méjì lulẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ọ̀bẹ sì tún mú débi pé ó fá irun apá ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà mọ́lẹ̀ kedere. Bísí ń pariwo pé, "That's my baby!" bíi ti ìyá Loganville.

Wọ́n ní ó yege. Obìnrin àgbà náà gbé ọ̀bẹ lé ìka, ó jókòó bí ẹyẹ. Ó yí èèkù náà títí, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí àtàǹpàkò ń sùn sí, ó sì béèrè pé ilé ta ni wọ́n ti ń gbẹ́ irú èèkù báyìí.

Mopé yíjú sí wa. Ó na ọwọ́ sí mi láàrin èrò, ó nà án gbọọrọ, kò sì gbà á padà. Ọwọ́ òsì ni.

Mo dìde dúró, mo tún fìlà mi ṣe, kí wọ́n lè rí ilé náà dáadáa.